Sẹ̀mó pupa ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà: ẹ rà á, àmọ́ ẹ wo ara ọ̀rá ẹ̀ dáadáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba níbí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sẹ̀mó díẹ̀ jàre. Kì í ṣe Golden Penny tá a jọ mọ̀ látilé o, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà àti Pakísítánì ni mò ń sọ, tí wọ́n kọ semolina gàdàgbà sí lára ọ̀rá ẹ̀, tẹ́ni tó ń wá òkèlè á rí i táá ní ó parí, òun ti rí sẹ̀mó olówó pọ́ọ́kú. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp ni wọ́n ti ń bi mí léèrè, àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní ńṣe làwọn dà á nù, ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ ní oúnjẹ adìyẹ ni. Ó dáa, mo ti rà á, mo ti jẹ ẹ́, mo ti sè é fálejò, èmi á sọ tèmi: ẹ rà á. Àmọ́ ẹ má kàn gbé èyí tọ́wọ́ yín bá kọ́kọ́ bà, torí oríṣi mẹ́ta ló ń wà lórí pẹpẹ, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀ ló ṣe é rò dáadáa bí òkèlè, àwọn yòókù níṣẹ́ tiwọn tí wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún sì dáa.

Owó ni ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ra tèmi, ọ̀rá kílò kan àbọ̀ ò pé pọ́n-ùn mẹ́ta. Sẹ̀mó tó wá látilé, kílò kan péré, á tó bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù míì á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bá wọn wí, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá, owó ibodè wà lórí ẹ̀, ẹni tó ń tà á náà fẹ́ jẹun. Èyí tó dùn mí ni ti ṣọ́ọ̀bù kan báyìí tí mo ti ra báàgì kílò márùn-ún, mo délé mo tú u, àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní ń rìn gbéregbère lórí ẹ̀, mo gbé e padà lọ, ọmọbìnrin tó wà nídìí owó ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní "Aunty, ẹ kàn jọ̀ ọ́." Kí n jọ̀ ọ́! Owó tèmi! Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà, torí tiwọn kì í pẹ́ lórí pẹpẹ, àwọn fúnra wọn ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ níbi ìnáwó, wọ́n tiẹ̀ ń gbé e lọ sílé òrìṣà wọn, ọjà tó ń yá báyẹn ò ráyè kó kòkòrò.

Àlìkámà ni, bíi tiwa, àmọ́ irú ẹ̀ yàtọ̀. Durum ni wọ́n ń pè é. Hóró ẹ̀ le ju ti àlìkámà búrẹ́dì lọ, inú ẹ̀ sì ti pupa láti oko wá, kò sẹ́ni tó fi kọ́lọ̀ sí i. Kánádà ló ń tà á sókè òkun jù lọ láyé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2021 tí ọ̀dá bá oko wọn jà, owó durum fò sókè, ó sì kan àwa tá ò mọ̀nà Kánádà rárá. Torí durum ni pásítà. Òfin wà ní Ítálì látọdún 1967 pé ẹni tó bá máa ṣe pásítà gbígbẹ tà níbẹ̀, durum ni kó fi ṣe é, kò gbọdọ̀ yí àlìkámà míì mọ́ ọn. Sùpàgẹ́tì tẹ́ ẹ ń sè fọ́mọ, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, sẹ̀mólínà durum lẹ máa rí. Ẹni tó wá ń bú sẹ̀mó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pé kò ládùn, pé òun ò lè jẹ ẹ́ láyé, tó sì ń jẹ sùpàgẹ́tì lọ́sàn-án lóru, ẹ bá mi kí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yẹ kó yé ẹni tó fẹ́ rà á, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ oríṣi mẹ́ta yẹn ti wá. Wọ́n á ṣa ìdọ̀tí kúrò lára àlìkámà, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan kí èèpo ẹ̀ lè rọ̀, kó má baà fọ́ mọ́ inú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wọ àárín irin gbọọrọ méjì tó ní eyín lára, tí wọ́n ń yí kọjú síra, ọ̀kan ń sáré ju ìkejì lọ. Irin yìí ò lọ̀ ọ́ kúnná o. Ńṣe ló ń là á, èèpo ń ṣí kúrò, inú ń já sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á tún tì í bọ irin míì, wọ́n á tún jọ̀ ọ́, wọ́n á wá da wẹ́wẹ́ yẹn sórí asẹ́ tó ń mì, tí atẹ́gùn ń ti abẹ́ ẹ̀ fẹ́ wá sókè, gbogbo èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ṣẹ́ kù á fò lọ, hóró tó wúwo á gba ojú asẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ rí mọ iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe níbẹ̀. Wẹ́wẹ́ tó mọ́ yẹn ni sẹ̀mólínà. Tí wọ́n bá tún gbé e gba àárín irin tó dán tí kò léyín, tí wọ́n lọ̀ ọ́ títí tó fi di ìyẹ̀fun, ó ti di fúláwà nìyẹn. Ìyẹn ni pé fúláwà tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà ni sẹ̀mó, ojú asẹ́ tó sì gbà kọjá ló ń sọ bóyá coarse (oníhóró ńlá), medium (ti àárín) tàbí fine (èyí tó kúnná) ni wọ́n máa kọ sí i lára. Durum ló yẹ fún irú lílọ̀ yìí jù, torí ó le, tó bá fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́ sí, kì í tètè di ìyẹ̀fun.

Tiwa ńkọ́? Flour Mills of Nigeria tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1960, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá lọ́dún 1962, làwọn tó ni Golden Penny, àwọn náà ló tún wá ra Honeywell lọ́dún 2022, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jà lórí èwo ló dáa nínú méjèèjì, àpò kan náà lowó yín ń bọ́ sí báyìí. Sẹ̀mó tiwa funfun, ó kúnná ju ti pupa lọ, òkèlè ló sì wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Wọ́n tún fi fítámínì A sí i, àṣẹ tó ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2002 ni. Ọ̀rá pupa tí mò ń rà níbí, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, durum nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí fítámínì kankan tí wọ́n pò mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kàn mọ̀ ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé òkèlè lọmọ yín ń jẹ jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí ìkòkò. Coarse ni wọ́n máa ń kó síwájú, òun ló pọ̀ jù, òun sì lẹ̀yin tẹ́ ẹ dà á nù rà, mo lè búra. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ wò, bí iyanrìn odò ló rí, hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá dà á sómi gbígbóná bẹ́ ẹ ṣe ń da sẹ̀mó, ojú ẹ̀ nìkan ló máa jinná, inú hóró á ṣì le, ẹ máa rò ó títí apá á fẹ́ẹ̀ já, á ṣù lóòótọ́, á tiẹ̀ dán lójú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bù ú lókèlè tẹ́ ẹ fi kan ewédú, ewédú á yọ̀ lọ ní tiẹ̀, òkèlè á máa ha yín lọ́nà ọ̀fun. Gbígbé là ń gbé òkèlè mì, ẹni tó bá ń rún un lẹ́nu, ẹ wo ojú ẹ̀, kò gbádùn. Medium sàn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi tútù fún bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, ó ṣe é jẹ lọ́jọ́ tí kò bá sí nǹkan míì nílé, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ wọ bàtà jáde.

Fine ni kẹ́ ẹ wá. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá tàbí lẹ́yìn, nígbà míì àfi kẹ́ ẹ béèrè. Bí mo ṣe ń rò ó nìyí. Sẹ̀mó ife méjì, omi ife márùn-ún, kẹ́ ẹ sì ní omi gbígbóná díẹ̀ sí tòsí torí ó máa béèrè. Ẹ bu ìdajì ife nínú sẹ̀mó yẹn, ẹ fi omi tútù pò ó kó ṣàn, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, ẹ máa rò ó, á ki, á di ẹ̀kọ. Ibí gan-an ni tiwa àti tiwọn ti yapa. Sẹ̀mó funfun, tó bá ti ki báyìí, à ń da èyí tó kù sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ti pupa yìí, ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó máa hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí hóró mumi yó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa wọ́n èyí tó kù sí i, ọwọ́ kan ń wọ́n, ọwọ́ kan ń ro, ẹ má dà á gìdì lẹ́ẹ̀kan náà, torí kókó sẹ̀mó pupa kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tó bá ti di kókó ó di kókó nìyẹn. Tó bá ti ṣù, ẹ fi ọmọrogùn dá ihò sí i lára, ẹ wọ́n omi gbígbóná sí i, ẹ dé e pa bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin kí ooru ràn án látìsàlẹ̀, ẹ tún wá rò ó títí táá fi máa fà. Imú lẹ máa fi mọ̀ pé ó jinná, òórùn ìyẹ̀fun tútù yẹn á lọ, òórùn pásítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ á rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ò bá tíì gbọ́ òórùn yẹn, ẹ má tíì sọ̀ ọ́, kódà kó ti dán bíi kí lójú.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan, mo gbé e síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tó ní pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ìyá Tóbi, ẹ̀bà elépo rèé?"

Mo ní "Rárá Mọ́mì, sẹ̀mó ni."

"Sẹ̀mó! Ṣé ibà pọ́njú ń ṣe é ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ sí i lọ́fun. Àmọ́ Mọ́mì jẹ ẹ́ o, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní ó dáa, kìkì pé ó wúwo, àwọn ò ní jẹ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó wúwo ju tiwa lọ, òkèlè tẹ́ ẹ bá máa ń jẹ, ẹ bu kúrò níbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn fún wa nípa ìgbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé lọ́dún 1987, pé nígbà yẹn ẹni tó bá rí sẹ̀mó rà ń tọ́jú ẹ̀ dàlejò ni, kì í ṣe pé ẹ kàn ń rò ó lọ́jọ́ Tuesday lásán báyìí, títí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún lọ́dún 1992. Èmi ń gbọ́, mò ń kó abọ́.

Ní ti ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò bá a mu, ẹ̀gúsí bá a mu gan-an, ọbẹ̀ ata tó lẹ́ran àti ṣàkì nínú náà dáa. Ilá ṣe díẹ̀. Ewédú àti gbẹ̀gìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àmàlà, ẹ má fìyà jẹ wọ́n.

Tó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, wàhálà dé. Nínú fíríìjì ńṣe ló ń le gbagidi, máíkírówéèfù ò lè rọ̀ ọ́ bó ṣe ń rọ sẹ̀mó funfun. Àmọ́ líle yẹn gan-an làwọn ará Róòmù ń wá, àwọn ń fi mílíìkì sè é, wọ́n á fi ẹyin àti ṣíìsì sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù kó le, wọ́n á gé e roboto roboto, wọ́n á tún da bọ́tà àti ṣíìsì lé e lórí, ó di inú ààrò. Gnocchi alla romana ni wọ́n ń pè é, ilé oúnjẹ míì á bù ú fún ẹ táá gbowó gidi. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, mo kàn ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo ń fi òróró díẹ̀ dín in títí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi pọ́n, mo bu ata díndín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tóbi tí kì í jẹ òkèlè ń jẹ ẹ́ tán, á tún wo ìkòkò.

Ní báyìí, ìdí tí mo fi ń ra coarse. Ẹ rántí pé mo ti bú u tán lórí òkèlè. Ìyá kan tó wá láti Tamil Nadu ń gbé lókè wa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tí wọ́n ṣe é fún kọ́ là ń fi í ṣe. Rava ni wọ́n ń pè é lápá gúúsù Íńdíà lọ́hùn-ún, àwọn ará àríwá ń pè é ní suji, ẹ máa rí orúkọ méjèèjì lára ọ̀rá. Wọ́n kọ́kọ́ ń yan án gbẹ nínú pànkéèrè... ẹ gbà mí, nínú páànù ni mo fẹ́ kọ, fóònù ló ń ṣe tiẹ̀... wọ́n ń yan án láìsí omi láìsí òróró, iná jẹ́jẹ́, títí òórùn ẹ̀ á fi ta, àmọ́ kó má pọ́n. Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní tí n ò bá yan án, àtè ni n máa jẹ. Lẹ́yìn náà ó da òróró sínú ìkòkò míì, ó sọ àwọn hóró mọ́sítáàdì sí i, wọ́n ń ta pá pá pá, ó da àlùbọ́sà, ata tútù, atalẹ̀ àti ewé kan tó ń ta sánsán sí i, ó da omi sí i, tó bá ti hó ó wá ń da rava yíyan náà sí i bó ṣe ń rò ó, ó dé e, ó parí. Upma nìyẹn. Hóró ò lẹ̀ mọ́ra, ó rọ̀, ó gbẹ díẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Èmi ti sọ ọ́ di tiwa, mò ń fi ata rodo, edé àti ẹja Titus yíyan sí i, omi ife méjì ààbọ̀ sí rava ife kan, ẹni tó bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀ tí kò lágbára ìrẹsì, òun ni kó máa sè. Ilé oúnjẹ MTR ní Bengaluru ní àwọn làwọn kọ́kọ́ fi rava ṣe idli, oúnjẹ tó jẹ́ pé ìrẹsì ni wọ́n máa ń fi ṣe é, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ìrẹsì wọ́n, mo ti jẹ ìyẹn náà, ó ṣe wúrúkú bíi mọ́ínmọ́ín funfun, kò burú, àmọ́ mi ò lè torí ẹ̀ fi ẹ̀bà sílẹ̀.

Wọ́n tún fi ń ṣe àádùn kan, halwa, bọ́tà tí wọ́n yọ́, rava, ṣúgà, omi gbígbóná. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń da omi ṣúgà sí i, ẹ jìnnà sí i, ó ń ta sára.

Ibi tó ti gba márùn-ún nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi ni ẹja díndín. Etí òkun Goa àti Mumbai ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ gé ẹja, ẹ fi iyọ̀, atalẹ̀, ata gígún àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ẹ wá yí i nínú coarse gbígbẹ títí táá fi bo gbogbo ara ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dà nù, ẹ dín in nínú òróró tí kò pọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ á gan, ẹ máa gbọ́ ọ tó bá ń fọ́ lẹ́nu, inú ẹ̀ á rọ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ páànù. Fúláwà kì í ṣe báyìí, fúláwà tó bá ti tutù á di jẹ̀lẹ̀njẹ̀lẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìkómọ kan ní Thamesmead, àárọ̀ ni mo dín in, ọ̀sán ni wọ́n jẹ ẹ́, ó ṣì gan. Àwọn ìyá tó wà nídìí oúnjẹ ń bi mí pé ṣé búrẹ́dì gígún ni.

Àwọn Òyìnbó níbí náà ní tiwọn. Kùkúńdùkú... rárá, ànàmọ́ òyìnbó ni, pòtétò, tí wọ́n ń yan nínú ààrò lọ́jọ́ Sunday: tí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á da omi nù, wọ́n á wọ́n sẹ̀mólínà sí i, wọ́n á mì ín nínú ìkòkò kí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun, kí wọ́n tó dà á sínú ọ̀rá ẹran tó ti gbóná. Nigella Lawson tó máa ń sè lórí tẹlifíṣọ̀n wà lára àwọn tó gbé e kiri. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú ẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbà ni pudding wọn. Ibi iṣẹ́ mi, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, wọ́n máa ń ṣe é fún wọn: mílíìkì, ṣúgà, sẹ̀mólínà, jáàmù pupa lójú ẹ̀ gangan. Àwọn àgbà ọ̀hún pín sí méjì lórí ẹ̀. Àwọn kan ń lá abọ́, àwọn kan ní iléèwé ni wọ́n ti fi tipá fún àwọn ní kékeré, kókó ló kún inú ẹ̀, àwọn ò fẹ́ rí i mọ́ kó tó di pé àwọn kú. Ó yà mí lẹ́nu pé kókó sẹ̀mó ti fojú àwọn náà rí màbo.

Kuskús tẹ́ ẹ ń rà nínú páálí, òun náà ni, wọ́n kàn fi omi ra á títí tó fi di róbótó róbótó, wọ́n wá fi ooru sè é. Mòrókò, Àlìjíríà, Túnísíà àti Moritáníà jọ gbé e lọ bá UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn lọ́dún 2020 pé àṣà ìbílẹ̀ wọn ni. Àwọn ará Ẹ́jíbítì ń fi ṣe kéèkì kan tó ń ṣomi ṣúgà, basbousa, ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ torí mo ti rí i lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́pọ̀ ìgbà, pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ àlìkámà, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Rárá o. Wíìtì tí wọ́n ń ní káwọn àgbàlagbà máa jẹ, èyí tó ṣì ní èèpo nínú ni, ó máa ń dúdú díẹ̀. Sẹ̀mó, yálà pupa yálà funfun, èèpo yẹn gan-an ni wọ́n ti fẹ́ dà nù kó tó di sẹ̀mó, ẹ ṣáà ti ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè. Ẹ bi dókítà yín, ẹ má bi WhatsApp. Ẹni tí àlìkámà ò bá lára mu náà, ìyẹn ẹni tí gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, ń yọ lẹ́nu, kó jìnnà sí i, durum ní gluten dáadáa. Ẹ̀bà àti iyán wà fún irú wọn.

Tẹ́ ẹ bá rà á délé, ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ẹ dà á sínú ike tó lómọrí tó dé pa. Ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tẹ́ ẹ ti rà á, èmi máa ń kọ́kọ́ kó o sí firísà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí ẹyin kòkòrò kankan bá wà níbẹ̀, òtútù á kápá ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀ náà, kì í ṣe kẹ́ ẹ rí owó pọ́ọ́kú kí ojú fọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n fún un ní máàkì: fine fún òkèlè, mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún, sẹ̀mó funfun ṣì jù ú lọ níbẹ̀, mi ò ní purọ́ torí owó. Medium, méjì. Coarse fún òkèlè, òdo, fún ẹja àti upma, márùn-ún gbáko. Báyìí ọ̀rá méjì ló ń wà nílé mi, coarse kan, fine kan, sẹ̀mó tiwa sì wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fọ́jọ́ tí Mọ́mì bá tún dé. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fine kílò márùn-ún ládùúgbò Old Kent Road títí dé Camberwell, kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi, torí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọ̀rá kékeré nìkan ni wọ́n ń kó wá, ó sì ti máa ń tán kó tó di Saturday.